Kìnnìún tó gun jangirọ́fà kò tíì di ajá

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun, ẹnì kan gbé fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè wo fídíò obìnrin kan tó ń ki ọwọ́ bọ kìnnìún lẹ́nu. Fídíò náà kò tíì parí tí ẹjọ́ ti dá. Ọ̀kan ní wọ́n ti yọ eyín ẹ̀. Èkejì ní oògùn oorun ni wọ́n fún un jẹ. Bàbá tó ń gẹrun fún mi wá dá ẹ̀rọ dúró lórí mi, wọ́n ní, “Àti kékeré ni wọ́n ti mú un. Ó ti di ajá nìyẹn.” Gbogbo wọn gbà. Èyí tí Bàbá sọ yìí ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí òun ló jọ òótọ́ jù.

Obìnrin tí mo máa ń rántí nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Irina Bugrimova, ẹni tó ń kó kìnnìún ṣeré. Wọ́n bí i ní 1910 ní Kharkiv, ìlú tó wà ní Ukraine lónìí, ó sì di gbajúmọ̀ nínú sákọ́ọ̀sì ìjọba Soviet, ìyẹn eré tí èèyàn àti ẹranko ti ń dárà lójú èrò. Ẹṣin ló kọ́kọ́ ń gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Alexander Buslaev, a jókòó sórí ohun tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n á já láti òkè lọ́hùn-ún, wọ́n á fò kọjá àlàfo. Ẹni tí òfuurufú ti mọ́ lára ni kó tó dé ọ̀dọ̀ kìnnìún rárá.

Ọmọ kìnnìún mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀: Kai, Yuli àti Tsezar. Tó o bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn, orúkọ Gaius Julius Caesar ará Róòmù lo pè ní èdè Russia. (Ó dájú pé ó lẹ́fẹ̀.) Eré tí àwọn èèyàn kò gbàgbé ni ti jangirọ́fà. Òun àti kìnnìún á gun pákó kan náà, wọ́n á fà wọ́n sókè sábẹ́ òrùlé sákọ́ọ̀sì, wọ́n á sì máa fì síwá sẹ́yìn lókè níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹran tí oorun ń kùn kò lè dúró lórí pákó tó ń mì. Yóò ṣubú ni. Ti eyín ńkọ́? Ọwọ́ kìnnìún nìkan tó láti fi pa èèyàn.

Ó wá ku ti Bàbá onígẹrun. Ajá ti ń bá ọmọ èèyàn gbé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Èyí tó bá ń buni jẹ, a lé e lọ tàbí ká pa á. Èyí tó gbọ́ràn ló ń bímọ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kìnnìún kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó o fi wàrà tọ́ mọ̀ ọ́, ó mọ ohùn rẹ, ó mọ̀ pé ẹran ń tọwọ́ rẹ wá. Ibẹ̀ ló parí sí. Tó bá bímọ lọ́la, kìnnìún igbó ló bí, ìyá gan-an kò sì pàdánù ohunkóhun nínú ìwà tí wọ́n bí i mọ́.

A kò tiẹ̀ ní láti lọ jìnnà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún pa ọkùnrin tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, nǹkan bí ọdún 9. Oúnjẹ ló lọ fún un. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ní Las Vegas náà, ní October 2003, ẹkùn abilà funfun kan tí Roy Horn, onídán tó ń kó ẹkùn ṣeré, ti tọ́ láti kékeré gbá a lọ́rùn mú lójú èrò. Ó yè é, àmọ́ ara rẹ̀ kò padà sípò mọ́.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tó ń kó kìnnìún ṣeré? Àlàfo ni. Heini Hediger, onímọ̀ nípa ẹranko tó darí ọgbà ẹranko ní Basel àti Zurich, ló ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa: ẹranko ní ìwọ̀n kan tó fẹ́ kó wà láàárín òun àti ẹlòmíì. Tó o bá kọjá ibẹ̀, á sá sẹ́yìn. Tí kò bá rí ibi sá sí, tó o sì tún sún mọ́ ọn sí i, á fò mọ́ ọ. Orí ìlà tó wà láàárín ibi méjì yìí ni wọ́n ti ń ṣeré: ìṣísẹ̀ kan síwájú, kìnnìún á gun àpótí, ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn, á sọ̀ kalẹ̀. Pàṣán kò ṣe ju ọ̀pá ìtọ́ka lọ. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, tàbí kí wọ́n kọsẹ̀, torí ohun tó bá ṣubú níwájú kìnnìún, ẹran ni.

Lórí jangirọ́fà, kò sí ìṣísẹ̀ síwájú, kò sí ti ẹ̀yìn. Ìwọ̀n pákó yẹn ni gbogbo àlàfo tí Bugrimova ní, kò sì gbọ́dọ̀ kọsẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ajá ló gbé gorí ẹ̀, ta ni ì bá sanwó wá wò ó?