Ọjọ́ tí ẹfun kúrò lára ẹja

Àárọ̀ ọyẹ́ ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ àrọ̀ tó ń já oúnjẹ gbà lánàá kò súnmọ́ oúnjẹ mọ́. Ó ń fara ha ògiri táńkì bí ẹni tí ara ń yún, àwọn mìíràn kóra jọ síbi tí omi ti ń wọlé. Bí a bá bu ọ̀kan sínú abọ́, tí a gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, a ó rí wóró-wóró funfun lára rẹ̀ láti orí dé ìrù, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fọ́n gààrí lé e. Ọlọ́sìn á sáré da oògùn sí i. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, gbogbo ẹfun ti kúrò, ara ẹja ti dán. Ó dúpẹ́, ó gba ọjà Wàǹdó lọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹja ti léfòó.

Wọ́n á ní ayédèrú ni oògùn náà. Wọ́n á ní aládùúgbò kan ló da nǹkan sómi. Oògùn lè má jẹ̀bi, aládùúgbò lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹfun tó kúrò lára ẹja yẹn kò kú. Ó lọ bímọ ni.

Kí á má fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí kòkòrò àìfojúrí jẹ́. Ó tó kí á mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe bakitéríà, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Fouquet ló sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1876: Ichthyophthirius multifiliis. Orúkọ náà gùn bí oríkì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: iná ara ẹja (iná bíi ti inú irun orí), ọlọ́mọ yọyọ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti rí ìwà rẹ̀.

Ẹyọ ẹfun kọ̀ọ̀kan tí à ń rí jẹ́ ẹ̀dá kan tó wà lábẹ́ awọ ẹja, kì í ṣe orí awọ. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ, tó ń yí po, tó ń sanra títí á fi tó nǹkan bíi mìlímítà kan. Awọ ẹja fúnra rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀, oògùn tí a dà sínú omi kò lè débẹ̀. Bí omi bá wà ní nǹkan bíi 25°C, kò ju bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ tí á fi yó. Nígbà tó bá yó, á já jáde, á rì lọ sísàlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ táńkì tàbí ara àwọ̀n, á fi nǹkan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara rẹ̀. Nínú àpò yẹn, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó sì lè tó 1,000. Oògùn kò wọ inú àpò náà pẹ̀lú. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, àpò á bẹ́, àwọn ọmọ á tú sínú omi, wọ́n á máa wá ẹja kiri. Èyí tí kò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó parí fún un. Ìgbà kúkúrú yìí nìkan ni ọwọ́ oògùn lè tó o.

Ẹni tó bá ti mú esúnsún rí ní kékeré á mọ bọ́rọ̀ náà ṣe rí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ ṣú, esúnsún á tú jáde láti inú ọ̀gán, wọ́n á dà bo fìtílà, ọmọdé á gbé ọpọ́n omi sábẹ́ iná, wọ́n á máa já sínú rẹ̀. Ọmọ tó bá lọ gbé ọpọ́n ka ẹnu ọ̀gán nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní rí ẹyọ kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ tó mú ti alẹ́ òní, tó wá ka fìtílà wọlé pé òun ti mú un tán, kò tíì gbọ́ nípa ọ̀gán ẹ̀yìnkùlé tó máa tú lọ́la. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fìtílà alẹ́ kan. Kódà iyọ̀ tí wọ́n ń bù sí esúnsún nínú agbada, òun kan náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn fi ń dojú kọ iná ẹja: bíi gíráàmù 3 sí lítà omi kan, ìyẹn kílò 3 fún táńkì lítà 1,000. Kò tó nǹkan, omi òkun ní tó 35. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí iyọ̀ náà wà níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí ọ̀wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá ń tú jáde lè máa bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá yí omi láìdá iyọ̀ padà ti ka fìtílà wọlé nìyẹn.

Iyọ̀ yìí náà wà lára ìdí tí àrùn yìí fi jẹ́ wàhálà táńkì omi kànga ju ti ọ̀sà lọ. Láti 1885 tí àwọn Faransé ti la ẹnu omi Kùtọnu, omi òkun a máa wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì dé ọ̀sà Àjàṣẹ́, títí ìkún omi odò Wémè á fi tì í padà. Òkun ní kòkòrò ti rẹ̀ lọ́tọ̀, Cryptocaryon irritans. Ìwà àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ọgbọ́n tó wúni lórí jù kò ní oògùn kankan nínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa kó ẹja láti táńkì kan sí òmíràn tó mọ́, fún bí ọjọ́ méje. Gbogbo ẹfun tó bá já bọ́ lóru á kù sí táńkì àná, wọn á da omi rẹ̀ nù, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa. Àpò tó bá gbẹ ti kú. Iṣẹ́ yẹn ń fa ẹ̀yìn ríro, ó sì ń kó ìdààmú bá ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án kò bá kòkòrò yẹn jà rárá. Ó kàn ṣí ilé mọ́ ọn lára ni.

Èyí tó ń bíni nínú ni ti àwọn tó ń tú kápúsù tẹtirasaikilínì sómi. Bakitéríà ni oògùn yẹn ń bá jà, iná ẹja kò mọ̀ pé wọ́n da nǹkan kan. Owó ti wọ ẹrẹ̀, àwọn bakitéríà inú ẹrẹ̀ sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fara da oògùn tí ọmọ ènìyàn máa nílò lọ́jọ́ mìíràn. Aró tí wọ́n ń pè ní malachite green ń pa á ní tirẹ̀, àmọ́ a máa kù sínú ẹran ẹja, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò sì gbà á láyè fún ẹja jíjẹ nítorí ìfura jẹjẹrẹ.

Ọyẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí omi tó gbóná kọjá 30°C kò bá a lára mu, táńkì kékeré sì tètè ń tutù lóru. Ọmọ ẹja ló sì ń kú jù. Ibi pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ èrèkè náà ni ẹfun ń bò, àgbà àrọ̀ sì lè yọ orí gba afẹ́fẹ́ ìta, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì hù lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin.

Ẹja tó bá la àrùn yìí já, ara rẹ̀ á ti gbọ́n. Bí ọmọ iná bá tún wọ̀ ọ́ lára, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sá jáde láìtíì yó. Síbẹ̀ díẹ̀ lè fara pamọ́ síbi tí ojú kò rí. Lẹ́yìn oṣù kan, ọlọ́sìn ra ọmọ ẹja tuntun. Kò jẹ́ dà wọ́n pọ̀, nítorí àgbà àrọ̀ a máa jẹ ọmọ àrọ̀. Táńkì kejì ló dà wọ́n sí. Àmọ́ àwọ̀n kan ṣoṣo ló ní, ó fi ṣa àwọn àgbà láàárọ̀, ó sì tì í bọ táńkì kejì bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn àgbà ń jẹun wọn geere. Ó dá zémìjáǹ, ọ̀kadà akérò, dúró, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ọmọ ẹja fún un.