Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni kejì ló ń dá iye ọjà rẹ

Bí o bá sọ fún ará Kàbà kan pé o fẹ́ lu ẹrù rẹ ní gbàǹjo, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Kí ló dé? Ṣé kò sí?" Ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí wa. Láyé àwọn bàbá wa, ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń kó síta lù ní gbàǹjo lójú gbogbo ayé, kí olówó lè rí owó rẹ̀ gbà. Lónìí ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń ta bàtà àlòkù lẹ́bàá títì, tó ń pariwo "gbàǹjo, gbàǹjo", ohun tó ń wí ni pé ọ̀pọ̀ lòun ń ta ọjà òun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ wa kan lókè òkun bá ní gbàǹjo ni wọ́n fi ń ta nǹkan lórí eBay, ìkànnì ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfò lọkàn wa ń lọ sí.

Òfò kọ́. Ìtumọ̀ gbàǹjo gan-an ni pé olùtajà kò fi iye kan dí ọjà rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà á ni yóò máa fowó lé owó ara wọn títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi kù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní September 1995, nígbà tí Pierre Omidyar ṣí ìkànnì kékeré kan ní San Jose, ní Kalifọ́níà, tó pè é ní AuctionWeb. Ìkànnì yẹn ló di eBay. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan tó ti bàjẹ́, dọ́là 14.83 ni wọ́n sì rà á. Ẹni tó rà á mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Irú rẹ̀ ló ń kó jọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé àwọn ará wa tó fẹ́ tajà báyìí fún ìgbà àkọ́kọ́, torí òun ni gbogbo ìmọ̀ràn yòókù rọ̀ mọ́. Lórí ìkànnì gbàǹjo, ẹni tó borí kọ́ ló ń dá iye tí o máa gbà. Ẹni tó ṣe ìkejì ni.

Gbogbo wa la mọ gbàǹjo ìkórè. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìyàrà, láti Mópà dé Ògìdì, bí ọjọ́ ìkórè bá pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á gbé iṣu àti òbúkọ síwájú, ẹni tó ń lù ú á gbóhùn sókè: "Ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá! Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀mejì!" Alàgbà kan á dìde, á ra iṣu mẹ́ta ní ₦50,000, ìjọ á pàtẹ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí Ọlọ́run ló ń fún lówó, kì í ṣe iṣu ló ń rà. Ṣùgbọ́n gbàǹjo yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ìjọ tó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọjà náà tó lójú ẹni tó ń rà á ló máa san, bó bá sì lè san kéré sí i, ayọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é rèé. Ní ọjà Kàbà, bí a bá ná ọjà títí, a máa ń béèrè pé, "Èló ni jálẹ̀?" Lórí eBay, olùrajà gan-an ló ń sọ jálẹ̀ tirẹ̀, ìkànnì ló ń sọ ọ́ fún, kì í ṣe ìwọ. Á kọ iye tó pọ̀ jù tó lè san sílẹ̀, kò sì sẹ́lòmíì tó máa rí i. Ìkànnì á wá máa bá a fowó lé e díẹ̀díẹ̀, kìkì ìwọ̀n tó máa fi ga ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó ń lé e, kò ní fi kọ́bọ̀ kún un.

Ká ní o fẹ́ ta aṣọ òfì kan tí wọ́n hun ní Ògìdì. O bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ₦5,000, ìkànnì sì ń fi ₦1,000 sún un sókè. Kẹ́mi kọ ₦40,000 sílẹ̀, Báyọ̀ kọ ₦55,000, Dúró kọ ₦90,000. Èló lo máa gbà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ₦90,000. Rárá o. ₦56,000 ni, torí ibi tí agbára Báyọ̀ mọ ni Dúró ti borí. Bí Báyọ̀ kò bá gbọ́ nípa aṣọ náà rárá, ₦41,000 lo máa gbà. Bó bá jẹ́ Dúró nìkan ló wá, ₦5,000 ni aṣọ rẹ máa lọ, bẹ́ẹ̀ Dúró ní ₦90,000 lápò fún un. Owó Dúró kò yí padà rárá nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yí padà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, William Vickrey, ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ láti 1961. Ó ní bí ẹni tó borí bá máa san iye tí ẹnìkejì pè, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni á fi fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́, torí òótọ́ inú rẹ̀ kò ní pa á lára. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1996; ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kéde rẹ̀ ló kú. Ọ̀nà tí eBay ń gbà fowó lé owó sún mọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa.

Nítorí náà, bí o bá jẹ́ olùtajà, má ṣe máa wá olówó kan. Èèyàn méjì ni kí o máa wá, kí àwọn méjèèjì sì fẹ́ ọjà náà tọkàntọkàn.

Ìyà ló kọ́ wa léyìí nílé wa. Bàbá mi ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní Kàbà fún ọdún pípẹ́, ó sì fi kámẹ́rà Yashica-Mat 124G kan sílẹ̀, èyí tó ní ojú méjì lórí ara wọn, téèyàn ń tẹríba wo láti òkè. Láàárín 1970 sí 1986 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester ní àwọn òyìnbó ṣì ń wá a, a sì gbà kó tà á. Èmi ni mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti £180, torí mo rò pé ìgbéraga ni ọjà fi ń níyì. Ọjọ́ méje pé, kò sẹ́ni kan tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti £20."

Màmá wa gbọ́ ọ lórí fóònù. "Ẹ fẹ́ lu nǹkan bàbá yín ní gbàǹjo?" Ohùn wọn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ sọ pé ká gbàgbé rẹ̀. Àbúrò mi ló rọra ṣàlàyé fún wọn pé iye ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni iye ìparí. Iye ìbẹ̀rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn: bó bá fẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á wọlé, wọn á bá ara wọn nínú ilé, ìdíje á sì bẹ̀rẹ̀. £180 tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ti tilẹ̀kùn mọ́ ẹni kejì, ẹni àkọ́kọ́ náà ò sì dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti £20, ó parí sí £131.

Ṣùgbọ́n má ṣe fi èyí ṣe òfin. Àwọn tó ń wá irú kámẹ́rà yẹn pọ̀ káàkiri ayé. Bó bá jẹ́ ohun tí èèyàn kan péré lè fẹ́, bí ìwé àtijọ́ nípa ìlú kékeré kan, iye ìbẹ̀rẹ̀ tó kéré á sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Irú ìyẹn, fi iye tó tẹ́ ọ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀, tàbí kí o tà á ní iye kan pàtó láìlu gbàǹjo rárá. Ọ̀nà tí o lè gbà mọ̀ wà: lórí eBay, o lè wo àwọn ọjà irú tìrẹ tí wọ́n ti tà tán, àti iye tí wọ́n tà á. Má wo iye tí àwọn tí kò tíì tà ń béèrè. Ẹnu ni wọ́n fi ń pe ìyẹn.

Jálẹ̀ tí a fi pamọ́ tún wà, ìyẹn iye tí olùtajà fi sínú, tí ọjà kò ní lọ bí owó kò bá dé ibẹ̀. Àwọn tó ń rà kì í rí iye náà, wọ́n kàn ń rí i pé owó kò tíì dé e. Ó dún bí ààbò, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Owó ọ̀tọ̀ ni eBay ń gbà fún un, ó sì ń lé àwọn tó ń rà lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa fowó lé ohun tó lè má tà. Ẹni kejì tí o ń wá gan-an ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ohun tó ń mú ẹni kejì dúró ni òótọ́. Kámẹ́rà bàbá mi ní èérí bí òwú tín-ín-rín nínú gíláàsì rẹ̀. Mo fẹ́ ká dákẹ́. Àbúrò mi gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó ya fọ́tò èérí náà gan-an, ó sì kọ ọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́. Mo rò pé ó ti ba ọjà jẹ́. Paul Milgrom àti Robert Wilson, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020 lórí ọ̀rọ̀ gbàǹjo, ti jẹ́ kó yé wa ìdí tí kò fi bà á jẹ́. Ẹni tó ń fowó lé owó nínú gbàǹjo máa ń bẹ̀rù pé bí òun bá borí, bóyá òun nìkan lòun ṣàṣìṣe, pé àwọn yòókù ti rí àbùkù tí òun kò rí. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú kó dín owó rẹ̀ kù. Bí o bá sọ àbùkù náà fúnra rẹ, ẹ̀rù á kúrò, ọwọ́ á sì tú. Fọ́tò mẹ́jọ tó mọ́, ìwọ̀n aṣọ ní ẹsẹ̀ bàtà, ibi tí òwú ti já: gbogbo rẹ̀ ni kí o fi hàn. Owó tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á náà, ṣírò rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Nítorí pé ẹni kejì ló ń dá iye, ẹ̀mí burúkú kan á sọ fún ọ pé kí o dá ẹni kejì tìrẹ sílẹ̀, kí o ní kí ọ̀rẹ́ rẹ máa fowó lé e. Má ṣe é. eBay kò gbà á, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ pa. Olè ni pẹ̀lú, torí àpò Dúró ni o ń bọ́ sí láìjẹ́ pé Báyọ̀ wà níbẹ̀.

eBay ń jẹ́ kí o yan ọjọ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 10. Yan méje, kó lè gba òpin ọ̀sẹ̀ kọjá, kó sì parí nígbà tí àwọn tó ń rà jókòó sílé nírọ̀lẹ́. Àkókò tiwọn ni kí o wò, kì í ṣe tìrẹ: agogo 8 alẹ́ ní New York, agogo 1 tàbí 2 òru ni ní Kàbà. Má bẹ̀rù bí owó kò bá lọ sókè fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ máa ń fara pamọ́ di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn.

Ó kù ohun kan tó ń dùn mí. Àwọn kan ń bọ̀ ní Bùnú àti Ìjùmú tí wọ́n ń béèrè aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àwọn olóyè, àti àwọn ère àtijọ́. Ẹ má fi irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin àwọn ilé ìṣúra Nàìjíríà ti 1979 kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí òfin, ohun tí kò ní arọ́pò ni. Aṣọ tuntun tí àwọn ìyá wa ń hun, ẹ ta ìyẹn.

Nígbà tí owó bá dé, wo àkáǹtì rẹ gan-an kí o tó gbé ẹrù jáde, má wo álẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí ẹni tó borí kò bá sanwó, eBay á jẹ́ kí o fi ọjà náà lọ ẹni kejì ní iye tí òun fúnra rẹ̀ ti pè.

Tiwa sanwó lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ṣe ìkejì kọ̀wé sí àbúrò mi láti Glasgow: ṣé àpò aláwọ ti kámẹ́rà náà ṣì wà? A wá a títí. Abẹ́ ibùsùn màmá wa la ti rí i, tí wọ́n ti fi ọ̀rá dì í dáadáa. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n nù ún, wọ́n sì bi mí pé, "Ẹni yìí náà ńkọ́, èló ló fẹ́ san?"