Bùráúsà: bọ́dì pọ̀ lóríṣiríṣi, ẹ́ńjìnnì ò ju mẹ́ta lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó na fóònù sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi wò ó, Google mi ti sọnù." Mo wò ó, Google ò sọnù síbì kankan, ọmọ-ọmọ wọn ló fọwọ́ gbá àmì Chrome kúrò lójú fóònù níbi tó ti ń wá géèmù. Mo bá wọn gbé e padà, mo wá ní, "Màmá, Chrome lèyí o, kì í ṣe Google." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi gírámà gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ mi ò dá màmá lẹ́bi torí àwọn tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ gan-an ń ṣi í pè. Bùráúsà (àwọn tó fẹ́ Yorùbá ponbele ń pè é ní aṣàwákiri) ni áàpù tẹ́ ẹ fi ń wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì: Chrome, Safari, Firefox, Opera, Edge, Brave. Google tẹ́ ẹ ń tẹ ìbéèrè sí, sáìtì kan nìyẹn, bí ẹni tó jókòó sí oríta tó ń júwe ọ̀nà fún èèyàn. Bùráúsà ni ọkọ̀ tó gbé yín dé oríta ọ̀hún, òun náà ló sì máa gbé yín lọ síbi tí wọ́n bá júwe. Ẹ lè fi Firefox dé ọ̀dọ̀ Google, ẹ sì lè wà nínú Chrome kẹ́ ẹ má fojú kan Google, kó jẹ́ Bing tàbí DuckDuckGo lẹ ní kó máa bá yín wá nǹkan. Ohun tó pa Chrome àti Google pọ̀ mọ́ wa lójú ni pé ilé iṣẹ́ kan ló ni wọ́n, owó ńlá sì ń rìn nídìí ẹ̀. Nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google, ó hàn síta pé ní 2022 nìkan, bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple, torí kó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Google ni Safari á máa kọ́kọ́ sáré lọ tẹ́nì kan bá fẹ́ wá nǹkan. Dọ́là o, kì í ṣe náírà.

Ẹ jẹ́ á wọnú ẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí sáìtì kan, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún kì í fi àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí yín, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìlànà ló máa ń kó wá, pé ẹ kọ eléyìí kó tóbi, ẹ fi àwọ̀ búlúù sí tọ̀hún, bọ́tìnnì á wà lápá ọ̀tún, tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́ kí báyìí báyìí ṣẹlẹ̀. Nǹkan tó wà nínú bùráúsà tó ń ka gbogbo ìlànà yẹn, tó ń sọ ọ́ di ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí, òun ni wọ́n ń pè ní ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá mọ Èkó àtijọ́ á rántí mọ́lùẹ̀. Lọ́ọ̀rì Mercedes 911 ló wà lábẹ́ ẹ̀, àwọn wẹ́dà wa níbí ló kan bọ́dì lé e, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, wọ́n fa ìlà dúdú sí i, onímọ́tò kọ ọ̀rọ̀ tó wù ú sẹ́yìn ẹ̀, ó di ọkọ̀ tiẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bùráúsà ṣe rí nìyẹn. Google ń ṣe nǹkan kan tó ń jẹ́ Chromium, wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ pé ẹni tó bá wù kó mú un kó kan bọ́dì tiẹ̀ lé e. Chrome fúnra ẹ̀, orí ẹ̀ ló jókòó lé. Opera ní ẹ́ńjìnnì tara ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jù ú nù ní 2013. Microsoft tó ti ń bá wọn figagbága láti ọjọ́ pípẹ́, Edge tiẹ̀ náà bọ́ sórí Chromium ní 2020. Brave, Vivaldi, Samsung Internet tó máa ń bá fóònù Samsung wá, odò kan náà ni gbogbo wọn ti ń pọnmi. Ẹ́ńjìnnì inú Chromium yẹn ni wọ́n ń pè ní Blink. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì péré tó lórúkọ ló kù: WebKit ti Apple tó wà nínú Safari, àti Gecko ti Mozilla tó wà nínú Firefox. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tún wá wò ó, ara WebKit ni wọ́n ti gé Blink ní 2013, WebKit náà, ara KHTML, ẹ́ńjìnnì tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ KDE kọ lọ́fẹ̀ẹ́, ni Apple ti mú un kí wọ́n tó gbé Safari jáde ní 2003. Mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wọn, Firefox nìkan ló wá láti agboolé mìíràn.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ ṣí Brave tàbí Edge lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ chrome://version síbi àdírẹ́sì, á ṣí, nínú Brave á tiẹ̀ kọ nọ́ńbà Chromium sí yín lójú. Ẹ tẹ ẹ́ sínú Firefox, kò ní mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ.

Ti iPhone tún wá ya èèyàn lẹ́nu. Apple ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wọlé, WebKit nìkan ni, torí náà Chrome tó wà lórí iPhone, Safari tó wọ aṣọ Chrome ni. Àfi ní àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ Yúróòpù (EU) àti Japan tí òfin wọn fi dandan lé e, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn yẹn ní EU ní 2024, ní Japan ní 2025. Ẹni tó bá ń bá yín jiyàn pé lórí iPhone òun, sáìtì máa ń yá nínú Chrome ju Safari lọ, ẹ kàn fi í sílẹ̀ jàre.

Kí wá ni èyí já mọ́ fún wa? Ó já mọ́ nǹkan gan-an. Tí pọ́tà kan ò bá ṣí nínú Chrome, tẹ́ ẹ bá sáré lọ sínú Edge tàbí Opera, ẹ kàn ti inú mọ́lùẹ̀ kan bọ́ sínú òmíràn ni. Firefox ló yẹ kẹ́ ẹ gbìyànjú, torí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ yàtọ̀ lóòótọ́. Òdì kejì ẹ̀ náà wà: àwọn tó ń kọ sáìtì nílé wa níbí, Chrome nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń yẹ iṣẹ́ wọn wò nínú ẹ̀, tó fi jẹ́ pé fọ́ọ̀mù kan lè dúró gbagidi nínú Firefox, bọ́tìnnì kò ní gbọ́, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sínú Chrome á lọ wẹ́rẹ́. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà níbi tá a ti ń bá àwọn ọmọ iléèwé fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á san owó tán, ojú ewé á wá funfun báláú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ní bùráúsà kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Méjì, kí ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà wá ńkọ́, níbi tí bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo Nokia kékeré ayé ijọ́un, ẹ ó mọ Opera Mini, O pupa yẹn. Norway ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2005, nígbà tó fi máa di ọdún kejì ó ti kárí ayé, ọwọ́ ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti kọ́kọ́ mọ íńtánẹ́ẹ̀tì (ká tó gbàgbé, ọwọ́ Opera náà ni OPay ti jáde ní 2018, ẹ ò rí bí ayé ṣe ń yí). Ọgbọ́n tó ń dá, nínú ètò tó ń gé dátà jù tí wọ́n ń pè ní Extreme, ni pé kì í lọ sáìtì fúnra ẹ̀. Ó dà bíi kẹ́ ẹ rán ọmọ lọ sọ́jà: kọ̀ǹpútà Opera ló máa lọ bá yín ṣí sáìtì náà, á tú ẹrù, á ká a kó kéré, á wá gbé kékeré yẹn fún yín. Opera fúnra wọn ní ó lè gé dátà tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ìròyìn, tẹ́ ẹ fẹ́ wo èsì bọ́ọ̀lù, tí netiwọ́ọ̀kì sì ń fà bí ìgbín, kò sí èyí tó dà bí i ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ sọ́jà ti tú ẹrù wò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Extreme yẹn, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà Opera ni ojú ewé ti ń ṣí kó tó kan fóònù yín, títí kan èyí tẹ́ ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí. Mi ò sọ pé wọ́n ń jalè o. Mo kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ báńkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi rán ọmọ. Ẹ lo bùráúsà tó ń lọ tààrà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan owó. Ìdí kan náà ni fọ́ọ̀mù tó gùn kì í fi í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀, torí ìlànà tó yẹ kó máa sáré lórí fóònù yín, lọ́hùn-ún ló ti ń sáré.

Chrome náà ní tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, Lite mode, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2022, wọ́n ní owó dátà ti ń wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ bá mi bi wọ́n pé orílẹ̀-èdè wo. Ní Nàìjíríà níbí, ní 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, fọwọ́ sí i fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù pé wọ́n lè fi owó kún owó, tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó ń jẹ dátà jù nínú ọ̀pọ̀ sáìtì wa, ìpolówó ọjà ni, àwọn fídíò tó ń dédé bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Brave máa ń dí wọn látilẹ̀, ẹ ò ní láti ṣe nǹkan kan, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni mo máa ń fi sórí fóònù àwọn àgbà. Firefox ò ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ lè fi uBlock Origin, àfikún kan tó ń dí ìpolówó, kún un, kódà lórí Android. Ti Chrome, lórí fóònù Android kò gba irú àfikún bẹ́ẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà sì rèé wọ́n ti yí òfin wọn padà tí uBlock Origin ojúlówó ò fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ó ku èyí tí wọ́n gé apá ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé orí ìpolówó ló ti ń jẹun, ṣé á wá ran yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ má rí ìpolówó ni?

Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni Incognito, ètò ìkọ̀kọ̀ inú Chrome. Àwọn ọmọdé gbà pé tí àwọn bá ti wọ ibẹ̀, àwọn ti di aláìrí. Incognito kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí! Ohun tó ń ṣe ò ju pé tẹ́ ẹ bá ti pa á, fóònù yín kò ní tọ́jú ibi tẹ́ ẹ lọ, kò sì ní rántí pé ẹ wọ àkáǹtì. Ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ṣì mọ sáìtì tẹ́ ẹ yà sí, ẹni tó ni Wi-Fi ọ́fíìsì náà lè mọ̀, sáìtì yẹn gan-an sì mọ̀ pé ẹnì kan wá. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí ẹ̀ ní 2020, ní 2024 wọ́n gbà láti pa ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti kó jọ rẹ́. Ibi tó ti wúlò gan-an ni orí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í fi ìmélì ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kó máa lọ, ẹni tó kàn jókòó, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹlòmíì ló ń wò lójú. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀rọ mi di pé tẹ́ ẹ bá tẹ àmì bùráúsà, Incognito ló máa ṣí.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àgádágodo tan yín. Ohun tí àgádágodo ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè ka ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà, kò sọ pé olóòótọ́ ló ń gbé inú ilé tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Gbájúẹ̀ náà lè ra àgádágodo. Chrome tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní 2023 torí àwọn èèyàn ń ṣì í mú.

Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Windows tí ọ́fíìsì wọn ṣì ní sáìtì ayé àtijọ́ tó jẹ́ pé Internet Explorer nìkan ló mọ̀, Edge ni kó lò, torí Microsoft pa Explorer tì ní June 2022 àmọ́ wọ́n fi nǹkan kan tó ń jẹ́ IE mode sínú Edge tó ń ṣe bí i ẹ̀. Ẹni tó ń lo Mac tí iná ò sí, Safari ló máa ń ṣojú àánú sí bátìrì jù. Ẹni tó bá ní ìmélì ọ́fíìsì àti ti ara ẹ̀, kó ṣe profile méjì (ààyè kan fún ìmélì kọ̀ọ̀kan) nínú Chrome, kó fún wọn láwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má baà di pé ó fi àwòrán ìnáwó ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Àwọn tó ń bá oníbàárà mẹ́rin mẹ́rin bójú tó ojú ewé Facebook wọn, Firefox ní àfikún kan tó ń jẹ́ Multi-Account Containers, tí wọ́n fi lè wọ àkáǹtì mẹ́rin nínú táàbù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan lé ìkejì jáde. Ìyàwó mi ló ń lò ó, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Èmi alára, Firefox ni mo fi ń ṣe tèmi, Chrome wà nílẹ̀ fún pọ́tà tó bá ń ṣe oríkunkun, Opera Mini wà lórí fóònù fún ìparí oṣù tí dátà bá ti ń tán mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá ọjọ́ yẹn, mo fi Brave sí fóònù wọn, mo gbé àmì ẹ̀ síbi tí Chrome wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì ń pè é ní Google.