Wáyà Kan Tó Kù Nínú Àyà

Màmá kan tó ti lé ní ẹni 80 ọdún jókòó níwájú mi. Ó ti tó ọdún 11 tí wọ́n ti fi pésímékà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti máa lù déédéé, sí wọn láyà. Òòyì ń kọ́ wọn lemọ́lemọ́. Nígbà tí a yẹ ẹ̀rọ náà wò, bátìrì kò tíì tán, àmọ́ ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì tó so ó mọ́ ọkàn ti ń ṣẹ́. Mo ní a ó fi tuntun sí i. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Dókítà, èyí tó bàjẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé inú mi ni yóò wà? Torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, wọ́n ní kí n lọ ṣe MRI."

Mo gbé bíírò mi sílẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa bi wá nìyẹn. MRI ni ẹ̀rọ olóòfà ńlá tó ń ya àwòrán inú ara.

Àpótí pésímékà, tí bátìrì wà nínú rẹ̀, kì í fún wa ní wàhálà. Tó bá ti lò tó ọdún 7 sí 12, a ó la ojú àpá àtijọ́, a ó tú u kúrò lára wáyà, a ó sì so tuntun mọ́ ọn. Wáyà ni ìṣòro. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́, wáyà tó wà nínú rẹ̀ sì ń tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Láàárín eegun tó dábùú sí èjìká àti eegun ìhà àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà fún un, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń ṣẹ́, tàbí kí rọ́bà tó bò ó bó.

Bí kò bá tíì pé ọdún kan lára, ó máa ń rọrùn láti fà yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àpá á ti dì mọ́ ọn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ bí àfòmọ́ ṣe ń dì mọ́ igi. Ọ̀pá oníhò, tí òmíràn nínú wọn ń fi iná lésà ṣiṣẹ́, la fi ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ láti tú u. Bí iṣan ńlá bá ya lójú iṣẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ lè pa aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ abẹ ọkàn fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dé orí wáyà àtijọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá ti wọ ojú ẹ̀rọ, kò sí àríyànjiyàn mọ́, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òòfà MRI á fa ẹ̀rọ náà já jáde lára. Irin tí òòfà lè fà kò pọ̀ nínú pésímékà òde òní. Ooru ló ń kọ wá lóminú. MRI ń rán ìgbì bíi ti rédíò wọ ara, wáyà á gbà á bí àńtẹ́nà, agbára yẹn á sì di ooru ní ṣóńṣó wáyà, níbi tó ti kan ẹran ọkàn. Èyí tí a fi sílẹ̀ láìso mọ́ àpótí kankan lè gbóná ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ní 2011 ni FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí pésímékà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún MRI. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn ni pé àpótí àti wáyà lápapọ̀ ni àṣẹ yìí dè. So àpótí tuntun mọ́ wáyà iléeṣẹ́ mìíràn, àṣẹ ti bọ́. Fi wáyà tó ti kú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún bọ́.

Ìyẹn kò ní kí ilẹ̀kùn tì pátápátá. Ìwádìí MagnaSafe, tó jáde ní 2017, tẹ̀ lé MRI 1,500 tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ẹ̀rọ ọkàn wọn kò ní àṣẹ yìí, láìya àwòrán àyà. Ẹnikẹ́ni kò kú nígbà MRI náà, wáyà kankan kò sì bàjẹ́. Àmọ́ wọn kò gba ẹni tó ní wáyà àkùsílẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ti ń ṣe é fún irú wọn báyìí, pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kì í ṣe ibi gbogbo.

Tèmi ni pé bí aláìsàn bá jẹ́ ẹni 40 ọdún, tí MRI ṣì lè pọ̀ níwájú rẹ̀, mo máa ń fẹ́ kí a yọ wáyà àtijọ́ náà níbi tí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ náà. Fún àgbàlagbà, ewu yíyọ lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ. CT, tó ń fi X-ray ya inú ara ní ìpele-ìpele, àti X-ray lásán kì í lo òòfà, wáyà kò dí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn wáyà tuntun, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní kí a dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 kí a tó ṣe MRI.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣe tiyín ní Íńdíà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì ti padà sílé, ẹ má sọ káàdì ẹ̀rọ nù. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń bá pésímékà sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ èdè iléeṣẹ́ mìíràn. Láìsí káàdì, a ó kọ́kọ́ máa wá ẹni tó ṣe é ni.

Ti Màmá, a fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀, CT la fi wo ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì kí ọmọ wọn lè rí i kà. Mo kọ ọ́: wáyà 3, ọ̀kan kò so mọ́ nǹkan kan.