Ìbọn ìléwọ́ márùn-ún lórí tábìlì kan: kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe?

Fọ́tò tábìlì kan tí wọ́n to ìbọn ìléwọ́ márùn-ún sí ń káàkiri lórí WhatsApp wa ní Abẹ́òkúta. Ilé ẹ̀kọ́ ìbọn kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á, ṣùgbọ́n kó tó ti Pánṣẹ́kẹ́ dé Láfẹ́nwá, àwọn kan ti ní ìbọn títà ni, àwọn mìíràn ní jàǹdùkú ló fẹ́ kó wọn wọ ìlú. Àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí rèé.

Ṣé títà ni wọ́n ń tà wọ́n?

Rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa fi wọ́n dánra wò.

Kí ló dé tí ọ̀kan ò tó?

Nítorí pé iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Ẹni tó fi ọkọ̀ ọlọ́tọ̀máátííkì kọ́ṣẹ́, ẹ gbé danfó onígíà fún un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ọlọ́pàá tó gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀daràn kì í ráyè yan irú tó mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè yọ ọta inú rẹ̀ láìpa ara rẹ̀, láìpa ẹlòmíràn.

Irú èwo ni wọ́n sábà máa ń yàn?

Ọlọ́ta kékeré, .22 (bí ọta ṣe fẹ̀ tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ), ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ò pọ̀, kì í ta ọwọ́ púpọ̀, ọta rẹ̀ ò sì wọ́n. Ẹni tí ìró ìbọn ń já láyà máa ń dijú kó tó yìn ín; bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, iṣẹ́ ńlá ni kó tó fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni irú Glock 17, tí àwọn ọmọ ogun Austria gbà wọlé ní 1982. Ọta 9mm mẹ́tàdínlógún ló ń gbé, bí trígà rẹ̀ ṣe rí nígbà àkọ́kọ́ ló rí títí dé ìkẹyìn, kò sì ní ohun tí àtàǹpàkò lè fi tì í. Ìka tí kò sí lórí trígà ni ààbò rẹ̀. Beretta 92 ti Ítálì yàtọ̀: ọta àkọ́kọ́, trígà le, ó sì jìn, ìkejì, ó ti fúyẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yìn ìkejì kó tó múra tán. Ní ti irú 1911, tí John Browning ṣe, bí òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá tíì fà sẹ́yìn, trígà nìkan ò lè yìn ín. Revolver ni ìkarùn-ún. Kò ní àpò ọta, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n ń kó ọta sí kí wọ́n tó tì í bọ ìdí ìbọn. Inú àgbá kékeré tó ń yí ni ọta rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà, wà.

Ṣé kékeré ló rọrùn fún obìnrin?

Òdìkejì ni. Ìbọn kékeré fúyẹ́, nítorí náà ó ń ta ọwọ́ jù, ìka ò sì ríbi dì í mú dáadáa. Bí ọwọ́ ẹni bá ṣe tó ni wọ́n ń wò.

Bí wọ́n bá ti yọ àpò ọta, ṣé ewu ti tán?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibí ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Bí àpò ọta bá kúrò, ọta kan ṣì lè wà nínú ihò ìbọn, ó ti wà ní sẹpẹ́. Browning Hi-Power tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1935 kì í yìn bí àpò rẹ̀ ò bá sí nídìí. Glock ń yìn. Ẹni tí Hi-Power nìkan mọ́ lára lè gbé Glock, kó yọ àpò, kó fa trígà, kó sì pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi ń to onírúurú kalẹ̀, tó sì ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ohun kan náà lórí gbogbo èyí tó ní àpò ọta: kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, yọ àpò, fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, wo inú ihò, fi ìka kàn án, tún un wò.

Ṣé mo lè ra ọ̀kan ní Abẹ́òkúta?

Rárá o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ àti revolver mọ́ ohun tó ka bọ́ǹbù mọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó sì wà fún ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìní àṣẹ kì í dín ní ọdún 10. Ẹ̀yin ọdẹ wa, ṣakabùlà náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ, ìwé yẹn ò sì bo ìbọn ìléwọ́.

Ìbọn ìṣeré ọmọdé ńkọ́?

Èyí tó bá jọ ojúlówó, ẹ má jẹ́ kó jáde nílé. Ọlọ́pàá tó dúró lójú ọ̀nà lóru ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Mo bá ọ̀kan nínú ẹrù bàbá wa tó ti dolóògbé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ti yàrá náà pa kí ọmọdé má dé ibẹ̀. Ẹ má gbé e sínú báàgì gun ọ̀kadà lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Eléwéeran. Bí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ọwọ́ yín ni wọ́n ti bá a. Ẹ wá lọ́yà, kí ẹ jọ lọ sí tẹ́ṣàn lọ́wọ́ òfo, kí ẹ sọ ibi tó wà, kí àwọn ọlọ́pàá wá gbé e fúnra wọn, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti gbé e. Bí ìwé àṣẹ kankan bá wà nínú ẹrù bàbá, ẹ mú un dání lọ.