Bí Ẹ̀kọ́ Oyè Másítà Nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Lọ ní Nàìjíríà

Ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n oyè másítà tí ó tẹ̀lé e kì í sábà ju ọdún kan àbọ̀ tàbí ọdún méjì lọ nínú ìwé ètò ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ìwé ni o, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í parí rẹ̀ lásìkò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ inú kíláàsì ni ó máa ń fa ìdádúró náà. Ibi méjì ni ọjọ́ ti ń ṣòfò: ibi tí wọ́n ti ń retí transcript, ìwé èsì gbogbo ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe, láti ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, àti ìdí iṣẹ́ ìwádìí.

Orúkọ tí ẹ̀ka náà ń jẹ́ yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà. Ní àwọn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti FUTA ní Àkúrẹ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dá dúró. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ náà lógún kò yàtọ̀: ibi tí program, àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, ti pàdé chip, ègé kékeré inú ẹ̀rọ tí program náà yóò ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi lè ní kí ẹni tí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà nìkan kọ́kọ́ ṣe àwọn ẹ̀kọ́ kan lórí iná mànàmáná, kí wọ́n tó gbà á wọlé pátápátá.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni máàkì oyè àkọ́kọ́. Lórí òṣùwọ̀n 5.00, láti 3.50 sí 4.49 ni second class upper, láti 2.40 sí 3.49 sì ni second class lower. Ẹni tí ó bá wà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀ka kan máa ń fẹ́ kí máàkì ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ga díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ní third class tàbí HND, ìwé ẹ̀rí gíga ti políteknik, gbọ́dọ̀ gba PGD ná, ìwé ẹ̀rí tí a ń gbà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ṣáájú másítà, èyí tí ó ń gba nǹkan bí ọdún kan. Ó dun àwọn onípolítẹ́kíníìkì, kò sì jẹ́ aláìnídìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ìdí wáyà àti bọ́ọ̀dù ju àwọn tí wọ́n fi ṣáájú wọn lọ. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń béèrè krédíìtì márùn-ún nínú ìdánwò girama, tí ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti físíìsì wà nínú wọn, àti ìwé ẹ̀rí pé ẹni náà ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tàbí pé a yọ̀ǹda rẹ̀.

Transcript kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sanwó, yóò kọ orúkọ ibi tí ó ń lọ, lẹ́yìn náà àkọ̀wé ọ́fíìsì yóò wá fáìlì rẹ̀ kàn, wọn yóò kó èsì gbogbo sáà jọ, ọ̀gá tí ó ni àṣẹ yóò sì buwọ́ lù ú. Bí èsì ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo bá sọnù nínú fáìlì, gbogbo rẹ̀ dúró títí olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà yóò fi wá a jáde. Ẹni tí ó bá gbọ́n kì í dúró de fọ́ọ̀mù másítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èyí.

Iṣẹ́ kíláàsì kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń to inú kọ̀ǹpútà, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń fi sínú ẹ̀rọ mìíràn, àti ìṣirò tí ó gbé gbogbo wọn ró. Ìdánwò wà, sẹ́mínà náà wà.

Iṣẹ́ ìwádìí ni ọkàn oyè yìí. Kà á sí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa wọn ooru àti ọ̀rinrin inú àká àgbàdo. Ó ra ESP32, chip olówó pọ́ọ́kú tí ó ní Wi-Fi lára, ó so DHT22 tí ń wọn ooru àti ọ̀rinrin mọ́ ọn, ó sì kọ program tí ń fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀. Fún oyè àkọ́kọ́, bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́ níwájú àwọn olùkọ́, ó ti tó. Fún másítà, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Wi-Fi bá ń fi èsì ránṣẹ́, chip náà lè fa iná tó 240 mA (mílíámpù, òṣùwọ̀n iná tí ń ṣàn). Nígbà tí ó bá sùn, tí ó kàn ń ka àkókò, ohun tí ó ń fà lè má ju 0.01 mA lọ. Nítorí náà, iye ìgbà tí ó ń jí ni yóò sọ bóyá bátìrì yóò lo ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀pọ̀ oṣù. (Iye yẹn jẹ́ ti chip nìkan, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́jà ní àwọn èròjà mìíràn tí kì í sùn, èyí sì máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nígbà tí ó bá fi mítà wọ̀n ọ́n.) Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá gbé ìlànà kan kalẹ̀: bí ọ̀rinrin kò bá yí padà, kí ẹ̀rọ sùn pẹ́, bí ó bá ń gòkè, kí ó máa tètè jí. Ìlànà yìí ni iṣẹ́ másítà, kì í ṣe ẹ̀rọ inú àpótí náà. Ó gbọ́dọ̀ fi í wé ìlànà tí àwọn ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde, kí ó fi hàn bí bátìrì ṣe pẹ́ sí i tó, kí ó sì sọ ohun tí ó pàdánù, ìyẹn iye ìyípadà tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn. Kò sì lè fi ìyàtọ̀ 0.2°C yangàn, nígbà tí àwọn tí ó ṣe DHT22 fúnra wọn sọ pé ó lè ṣì í ní 0.5°C.

Alábòójútó ni yóò ka gbogbo èyí ní orí kọ̀ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bí yunifásítì bá tún ti ilẹ̀kùn, bí ó ti rí ní 2022 nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹni tí yóò buwọ́ lu ohunkóhun.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, olùyẹ̀wò kan láti yunifásítì mìíràn yóò kà á, yóò sì bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n má ní kí ó lọ tún nǹkan ṣe. Lẹ́yìn àtúnṣe ni yóò di ìwé rẹ̀, tí èsì yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ Senate, ìgbìmọ̀ àgbà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, fún ìfọwọ́sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀síwájú sí PhD níláti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo máàkì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn: ní Yunifásítì Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí àròpín máàkì rẹ̀ bá tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lè wọ PhD tààrà, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré díẹ̀ sí i lè gba ọ̀nà MPhil, oyè ìwádìí tí ó wà láàárín másítà àti PhD.