Ọ̀nà 128 tí Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbà wọ kọ̀ǹpútà

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé níwájú LAUTECH, ẹni méjì lè tẹ "Ògbómọ̀ṣọ́", kó dọ́gba lójú, síbẹ̀ kí ohun tó wọ inú kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún ọ, ó ní fún ò, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan fún ọ̀. Ẹnìkan á tẹ ọ, á fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíì á tẹ ò, á fi àmì sí i nídìí. Ẹni tó mú o lásán lè bẹ̀rẹ̀ látòkè tàbí látìsàlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Ọ́ tó gbẹ̀yìn náà ní mẹ́rin. Ò, ó àti ṣ ní méjì méjì. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ wọn, 128 ni. Unicode ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn; bùráúsà, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣí ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àmì ohùn fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà nínú èyíkéyìí.

Kò sẹ́ni tó máa jókòó tẹ gbogbo 128. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dán bùráúsà wò fi ń kọ àwòṣe: òfin náà lédè tó yé kọ̀ǹpútà, lẹ́tà tó ṣe é pín, àmì tó lè ṣíwájú òmíì. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣẹ̀dá ojú-ewé ìdánwò fúnra rẹ̀. Bùráúsà á ṣí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á fi wé ti ojú-ewé atọ́nà, èyí tó fi bó ṣe yẹ kó rí hàn, píksẹ́lì (àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) sí píksẹ́lì. Fọ́ǹtì kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ lò, kí wọ́n má baà di ẹ̀bi fọ́ǹtì ru bùráúsà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtò ojú-ewé. Bí ìpínrọ̀ kan bá ní àlàfo píksẹ́lì 20 nísàlẹ̀, tí èyí tó tẹ̀lé e ní 30 lókè, CSS, ìlànà tó ń sọ bí ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa rí, ní 30 ni kó wà láàrin wọn, kì í ṣe 50.

Ohun tó níyì jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé inú ìlànà ni adájọ́ ti wá. Bí ohun tí bùráúsà tó gbajúmọ̀ jù gbé jáde bá di òótọ́, àṣìṣe rẹ̀ ló máa di òfin.

Bí ọ̀kan nínú 128 bá kùnà, ẹ̀rọ á máa yọ lẹ́tà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa dán an wò, títí yóò fi ku ọ́ nìkan. Wọ́n á kọ́kọ́ padà ka ìlànà, torí àwòṣe náà lè ṣì í. Bí ìlànà bá gbè é, ojú-ewé onílẹ́tà kan yẹn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ bùráúsà náà.